Ọjọ́ tí o dá fún oníbàárà

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe wẹ́dà nítòsí Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ìwé náà kúrú, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò:

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti gba fírídọ̀mù, mo sì ní ìsọ̀ tèmi àti ọmọṣẹ́ méjì. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìdánrawò orin Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, ìsọ́-òru ọjọ́ Ẹtì, n kì í pa ọ̀kankan jẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́. Mo ti gba àsansílẹ̀ géètì mẹ́ta tí n kò tíì fọwọ́ kàn, owó náà sì ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ pé Ọlọ́run ni mò ń fi bojú. Àwọn ará ìjọ ní tí mo bá dín wíwá kù, mo ti ń fà sẹ́yìn nìyẹn. Bàbá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè jẹ́ ìsìn lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ táwọn tí kò fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń tu ara wọn nínú ni? Báwo ni mo ṣe lè kó ara mi níjàánu?”

Okun o, ọmọ mi, bí a ti ń kíra wa nílẹ̀ wa. Ìbéèrè tó o fi parí ìwé rẹ dára, màá sì dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín ìwé náà ni ọ̀rọ̀ wà. Géètì mẹ́ta. Ẹni mẹ́ta ló ti kówó lé ọ lọ́wọ́ tí wọ́n ń dúró. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé bí a bá fò ó kọjá, gbogbo ohun tá a bá sọ nípa ìsìn á di ariwo lásán.

Àsansílẹ̀ kì í ṣe owó rẹ. Owó irin oníbàárà ni, ìwọ lo kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀. Títí irin á fi dé ìsọ̀, títí ẹ ó fi gé e tí ẹ ó jó o pọ̀, ẹni tó san án ló ṣì ni ín. Owó iṣẹ́ tìrẹ ń bẹ níwájú, ọjọ́ tó o bá gbé géètì náà kọ́ tó ṣí tó sì tì dáadáa. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó nínú ìjọ, télọ̀, kápẹ́ńtà, wẹ́dà, mo sì mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan mú 150,000 náírà wá. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni owó ilé pé, tàbí ara ọmọ ò yá, tàbí ìjọ ń dáwó ìkórè. O yọ díẹ̀ níbẹ̀, o ní wàá dá a padà. Kó o tó dá a padà, ẹni kejì ti mú tirẹ̀ dé, o sì fi owó ẹni kejì ra irin ẹni àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, oníbàárà tuntun yòówù tó bá wọlé, gbèsè ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ló wá san, kò sì mọ̀. Ọjọ́ tí oníbàárà tuntun ò bá yọjú, ìdí ọ̀rọ̀ á hàn síta. Ibi tó o wà báyìí nìyẹn.

Irọ́ ló máa ń tẹ̀ lé e. “Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀.” Ọjọ́bọ̀ dé, o ní iná ò sí. Iná ò sí lóòótọ́, ta ni kò mọ̀ pé lápá ọ̀dọ̀ wa iná lè lọ kó má dé fún ọjọ́ gbọọrọ? Ṣùgbọ́n irin géètì náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á. Ìwọ ò tíì rà á. Òótọ́ kékeré lo fi bo irọ́ ńlá mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá yá, wàá rí nọ́ńbà wọn lójú fóònù, wàá sì dojú fóònù náà dé. Ọjọ́ Àìkú ẹ̀wẹ̀, ìwọ nìyẹn níwájú ìjọ tó ò ń dá orin. Ẹni tó ń dúró de géètì, tó ń fi igi àti okùn de ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lálaalẹ́, kí lo rò pé ó ń gbọ́ nínú orin yẹn?

Dáfídì béèrè nínú Sáàmù 15 pé ta ni yóò máa gbé nínú àgọ́ Olúwa. Ka ìdáhùn rẹ̀, kò gùn. Wàá rí ẹni tó ń sọ òtítọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ẹni tí kì í fi ahọ́n rẹ̀ ba ẹlòmíràn jẹ́, àti ẹni tó búra sí ìpalára ara rẹ̀ síbẹ̀ tí kò yí i padà. Sáàmù yẹn ò ka iye ìpàdé tẹ́nì kan lọ. Jésù náà sọ nínú Mátíù 5:37 pé kí “bẹ́ẹ̀ ni” wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Fún wẹ́dà, ọjọ́ tó dá fún oníbàárà ni “bẹ́ẹ̀ ni” rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ọ, tí kò sì sí iyèméjì lọ́kàn mi, pé ibi àkọ́kọ́ tí ìgbàgbọ́ rẹ gbọ́dọ̀ ti hàn ni ọjọ́ tó o dá.

Wàyí o, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè jẹ́ ìsìn?

Kí ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ ayé rárá ni Ọlọ́run ti fi Ádámù sínú ọgbà kó máa ro ó, kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 2:15 ni. Èyí já irọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ pé ègún ni iṣẹ́. Làálàá àti ẹ̀gún ló tẹ̀ lé ẹ̀ṣẹ̀. Tún lọ ka Ẹ́kísódù 31. Besaleli, ẹni tí Ọlọ́run fẹnu ara Rẹ̀ sọ pé òun ti fi Ẹ̀mí kún, oníṣẹ́ ọwọ́ ni: ó ń fi wúrà, fàdákà àti idẹ ṣiṣẹ́, ó ń gbẹ́ òkúta, ó ń gbẹ́ igi. Kì í ṣe àlùfáà, kì í ṣe wòlíì. Iṣẹ́ bíi tìrẹ ni Ẹ̀mí náà bà lé e fún. Olúwa wa fúnra Rẹ̀, káfíńtà làwọn ará ìlú Rẹ̀ mọ̀ Ọ́n sí, gẹ́gẹ́ bí Máàkù 6:3 ti wí, Ó sì tó ẹni bí ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Pọ́ọ̀lù ń bá Àkúílà àti Pírísílà pa àgọ́ ní Kọ́ríńtì. Ó sì kọ̀wé sáwọn ará Tẹsalóníkà, níbi táwọn kan ti pa iṣẹ́ tì tí wọ́n ń tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn, pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun.

Ẹsẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Kólósè 3:23, pé ohunkóhun tá a bá ń ṣe, ká fi tọkàntọkàn ṣe é bí ẹni ń ṣe é fún Olúwa. Ìgbà tí wọ́n bá ń gba àdúrà fún oníṣòwò la sábà máa ń gbọ́ ọ. Àwọn ẹrú ni Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún, àwọn tí kò lówó oṣù, tí ọ̀gá wọn ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí iṣẹ́ ẹrú bá lè gòkè dé iwájú Kristi, iṣẹ́ ìwọ tó o ní ìsọ̀ tìrẹ ò ní ṣàìdé ibẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa náà nítàn lórí èyí. Ajayi Crowther, tó dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà nígbà tó wà lọ́mọdékùnrin ní Sàró. Tommie Titcombe tó wá láti Kánádà dé lọ́dún 1908 lábẹ́ ẹgbẹ́ míṣọ́n tí wọ́n ń pè ní SIM (Sudan Interior Mission), ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà. Ìyàwó rẹ̀, Ethel, gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ aboyún Yàgbà, ó sì gba ẹ̀mí àwọn ìbejì là. Lẹ́yìn wọn ni ilé ìwòsàn dìde níbẹ̀, Titcombe College náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1951. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ilé àdúrà, ọwọ́ kan náà ló kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí n yára fi kún un pé iṣẹ́ kì í ṣe ohun táwọn òyìnbó kó wá bá wa o. Kí míṣọ́nnárì kankan tó wọ ilẹ̀ wa, àwọn obìnrin Bùnú ti ń hunṣọ, àwọn àgbẹ̀dẹ wa ti ń rọ ọkọ́ àti àdá, iṣu sì ti ń kún abà ní Ìjùmú. Àwọn tó kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́ láàárín wa mú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ wá fún Un.

Jẹ́ ká padà sí ìsọ̀ rẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó ọ. Bó o bá jó irin méjì pọ̀ tán, ìdàrọ́ ló máa ń bo ojú rẹ̀. O gbọ́dọ̀ fi òòlù gbá ìdàrọ́ yẹn kúrò, kó o fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kó o bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí iná bá kéré, tàbí tó o bá kánjú fa ọwọ́, wàá rí i pé irin ò yọ́ wọnú ara wọn: èyí tó yọ́ láti ẹnu ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń jó irin, kàn dùbúlẹ̀ lé wọn lórí ni. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ nígbà yẹn. O lè fi gíráńdà, ẹ̀rọ tó ń họ irin, họ ọ́ kúrò kó o tún un jó, èyí tó máa jẹ ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù, tó máa jẹ epo jẹnẹrétọ̀, tó sì máa jẹ wákàtí kan. O sì lè fi gíráńdà dán ojú rẹ̀, kó o kùn ún lọ́dà. Oníbàárà ò ní mọ̀. Á san owó rẹ pé, á tún gbàdúrà fún ọ. Òjò ọdún tó ń bọ̀ ni omi pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti oríkèé yẹn, hínjìsì á fà, géètì á sì máa wọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti páìpù fẹ́lẹ́ tí wọ́n máa ń fi sáàárín, tí wọ́n á wá fi èyí tó nípọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ọwọ́ oníbàárà lè kàn.

Abẹ́ ọ̀dà yẹn ni ìgbàgbọ́ wẹ́dà wà. Pásítọ̀ ò lè débẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ò lè débẹ̀, oníbàárà gan-an ò lè débẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju ìwọ àti Ọlọ́run lọ. Bó o bá tún un jó nígbà tẹ́nikẹ́ni ò wò ọ́, ìsìn lo ṣe yẹn, kódà bí ọ̀rọ̀ àdúrà kankan ò bá jáde lẹ́nu rẹ.

O ní ọmọṣẹ́ méjì. Ṣé wọ́n ní awò dúdú tí wọ́n fi ń bojú? Mò ń béèrè nítorí mo ti rí àwọn ọmọdékùnrin tó ń fi ojú lásán wo iná wẹ́dà, tí wọ́n á wá máa sunkún lóru bíi pé wọ́n da iyanrìn sí wọn lójú. Ìyá wọn ló fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́. Ra awò fún wọn kó o tó ra aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tuntun. Bí o bá sì sọ pé aago méje lẹ ó máa ṣílẹ̀kùn, má jẹ́ kí wọ́n jókòó síta di aago mẹ́wàá nítorí pé ọ̀gá ń sùn lẹ́yìn ìsọ́-òru. Ìwà rẹ ni wọ́n ń kọ́ pẹ̀lú iṣẹ́ náà.

Èyí gbé mi dé ọ̀rọ̀ àkókò àti ara rẹ. Mo ka ètò ọ̀sẹ̀ tó o tò sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì o ò sùn. Àbámẹ́ta, tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ gidi, ò ń tòògbé di ọ̀sán, o sì ti gba ìdánrawò lọ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ méjì lọ báyẹn. Ẹni tí oorun ń kùn kò gbọdọ̀ mú gíráńdà lọ́wọ́. Díìsìkì tó ń yí lórí rẹ̀ lè fọ́ kó fò mọ́ ojú tàbí ọrùn, ẹni tó ń tòògbé ò sì lè yẹra. Ẹni tí Ọlọ́run dá ara fún tí ń fi ara yẹn wewu lórúkọ àdúrà, kò ṣe ohun tí Ọlọ́run rán an.

Ní nǹkan bí ọdún 530, Benedict ní Ítálì kọ ìlànà fáwọn mọ́ńkì rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbé pọ̀ kí wọ́n sì máa sin Ọlọ́run. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé ọ̀tá ọkàn ni jíjókòó láìṣiṣẹ́, ó sì pín ọjọ́ sí wákàtí àdúrà, wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ àti wákàtí ìwé kíkà. Bí agogo àdúrà bá dún, mọ́ńkì gbọ́dọ̀ ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kíákíá. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sọ fún ọ pé iṣẹ́ ti tó àdúrà, kó o má lọ síbì kankan mọ́. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ pa àdúrà, òun náà ti ní òrìṣà tirẹ̀. Mo ti rí oníṣòwò tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú títí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi gbàgbé ọ̀nà ilé Ọlọ́run. Má lọ síbẹ̀ yẹn.

Ohun tí mo rí fún ọ nìyí. Má fọwọ́ kan ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ìsinmi rẹ ni, iná ìbáà dé ìbáà má dé. Mú ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo bá ọ mú, torí ìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló máa gbé àwọn yòókù dúró. Ìdánrawò orin kan tó. Ìsọ́-òru, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kó o sì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Dípò èyí tó o fi sílẹ̀, jí láago márùn-ún, ka ìwé, gbàdúrà fún ìdajì wákàtí, kó o dárúkọ àwọn oníbàárà rẹ níwájú Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rọrùn láti dárúkọ ẹni níwájú Ọlọ́run láàárọ̀ kéèyàn wá purọ́ fún un lọ́sàn-án. Bí iná bá dé lóru, dìde kó o jó irin rẹ. Ìsọ́-òru nìyẹn náà, bí kò bá ti dí àwọn aládùúgbò lọ́wọ́ oorun.

O béèrè bó o ṣe lè kó ara rẹ níjàánu. Gálátíà 5 ka ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́ èso Ẹ̀mí, pẹ̀lú ìfẹ́ àti ayọ̀ àti àlàáfíà. À ń gbààwẹ̀ fún agbára àti fún iṣẹ́ ìyanu nínú àwọn ìjọ wa, mo sì bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé a kì í gbààwẹ̀ tọrọ èso yìí. Tọrọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Kọ orúkọ oníbàárà sí i, iye tó san, ọjọ́ tó o dá fún un, àti ohun tó o fi owó rẹ̀ rà. Kì í ṣe ìṣirò tó le. Àṣìṣe ò fi bẹ́ẹ̀ ń ba oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ tó àìkọsílẹ̀: bí kò bá sí lákọsílẹ̀, ọkàn á máa tan ara rẹ̀ pé owó ṣì wà.

N kò ṣèlérí ọrọ̀ fún ọ o. Mo mọ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa yìí tí wọ́n ṣiṣẹ́ oṣù tán láìfi ọ̀kan ṣẹ̀, tí wọ́n sì gba abọ̀ owó oṣù. Mo mọ àgbẹ̀ tó tọ́jú kajú rẹ̀, tí iná ìgbẹ́ látoko ẹlòmíràn wá jó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ọlọ́run ò jẹ wọ́n lówó, wọn ò sì dẹ́kun láti máa ṣiṣẹ́ fún Un. A ò sì fi aápọn ra ìgbàlà, oore-ọ̀fẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Éfésù 2:8-9 ti sọ, àmọ́ ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé iṣẹ́ rere ni a dá wa fún. Ṣe é dáadáa nítorí ti ẹni tó ni ọ́.

Àwọn ará tó ní ò ń fà sẹ́yìn, má bá wọn jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn nífẹ̀ẹ́ rẹ, wọ́n ń bẹ̀rù kí ayé má gbé ọ lọ. Wọn ò kàn mọ̀ nípa géètì mẹ́ta ni. Lọ bá pásítọ̀ rẹ, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, má yọ ti owó kúrò. Pásítọ̀ lèmi náà, mo mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ni kí ilé àdúrà kún, ṣùgbọ́n olùṣọ́-àgùntàn tó bá gbọ́ pé ẹni mẹ́ta ń sùn láìní géètì nítorí ọmọ ìjọ òun, òun ló máa kọ́kọ́ rán ọ padà sí ìsọ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹni mẹ́ta náà. Má pè wọ́n lórí fóònù, fẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ sílé wọn. Sọ pé owó náà ò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́, pé o ti ná an, pé ẹ̀bi rẹ ni. Ẹni tó bá ní kó o dá owó òun padà, bá a ṣàdéhùn iye tí wàá máa san lóṣooṣù, kó o kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá gbà láti dúró, dá ọjọ́ tó jìnnà fún un. Ọjọ́ tó jìnnà tó o pa mọ́ sàn ju èyí tó sún mọ́lé tó o yẹ̀ lọ. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sanwó, ó lè gbójú mọ́ ọ, ó lè bú ọ, gbọ́ ọ.

Kó o tó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, má gba àsansílẹ̀ irin lọ́wọ́ oníbàárà tuntun kankan. Lọ wọn ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kọ iye páìpù àti ṣíìtì àti ẹlẹ́tírọ́ọ̀dù tí iṣẹ́ máa gbà, kó o mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta irin, kí ó sanwó níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó iṣẹ́ nìkan ni kó o gbà, lẹ́yìn tó o bá gbé e kọ́. Èrè kékeré tó o máa ń rí lórí irin á lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nínú owó iṣẹ́ yẹn, dá èésú pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tìẹ, kó o lè ní owó tí wàá fi ra irin fúnra rẹ lọ́jọ́ iwájú.

Kí n má gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n òun nìkan ló sọ òótọ́ fún ọ. Mú ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lọ bá a ní gbogbo alẹ́ Àbámẹ́ta, kó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò lórúkọ lórúkọ, kó o tó sùn.